Ohun Àjọní ní Erékùṣù Orkney

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, àwọn àgbà wa a máa kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ bá ènìyàn da owó pọ̀ ra nǹkan, nítorí wọ́n ti rí i pé ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í sábà ní ẹnì kan pàtó tí yóò máa nu eruku ara rẹ̀. Oko àjọro a máa di igbó. Kànga àdúgbò a máa di ẹrẹ̀. Olúkúlùkù a sì máa retí pé ẹlòmíràn ni yóò gbé ọkọ́ àti ìgbálẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà ní ìhà àríwá Skọ́tlándì tí ìtàn rẹ̀ kọ́ wa pé kò di dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ náà ni àwọn erékùṣù Orkney. Àwọn àlejò a máa lọ síbẹ̀ nítorí etíkun rẹ̀, nítorí ọtí wísíkì rẹ̀, àti nítorí àwọn ohun àtijọ́ tí ó kún inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti rí ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ní ní ìkáwọ́ tí a fọ́ túútúú, tí a sì rí ohun àjọní tí ó dúró láìyẹsẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó fi yẹ kí àwa kí ó mọ̀ nípa ilẹ̀ yìí. Nínú ilé ìsìn tí ó tóbi jùlọ níbẹ̀ ni a gbé ìrántí ọkùnrin kan sí, ẹni tí òun pẹ̀lú Àjàyí Crowther wa jọ wọ ọkọ̀ kan náà gòkè Odò Ọya. Nígbà tí a bá dé ibẹ̀ ni èmi yóò sọ ìtàn rẹ̀. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a jọ mú ọ̀nà pọ̀n.

Orkney kì í ṣe erékùṣù kan ṣoṣo. Bí 70 ni wọ́n, ṣùgbọ́n nǹkan bí 20 péré ni ènìyàn ń gbé. Nígbà tí a ka iye ènìyàn ní ọdún 2022, gbogbo àwọn ará ibẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 22,000. Òkun kan tí ìṣàn rẹ̀ le púpọ̀, tí a ń pè ní Pentland Firth, ni ó ya wọ́n kúrò lára ilẹ̀ Skọ́tlándì. Níbi tí òkun náà ti fún jùlọ, kò ju bí ibùsọ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ àwọn atukọ̀ a máa bẹ̀rù rẹ̀, nítorí omi òkun méjì ni ó ń pàdé níbẹ̀ tí wọ́n sì ń ti ara wọn. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní èbúté Scrabster yóò lo nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ lórí omi kí ó tó gúnlẹ̀ ní ìlú Stromness.

Lójú ọ̀nà náà ni yóò ti rí etíkun erékùṣù Hoy. Òkúta pupa ni etíkun náà, ó ga lọ sókè ṣánṣán bí ògiri, ibòmíràn sì wà tí gíga rẹ̀ ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Níwájú ògiri òkúta yìí ni ọwọ̀n òkúta kan dá dúró nínú òkun, tí ó ga tó bí 450 ẹsẹ̀ bàtà. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Bàbá Arúgbó Hoy. Òkun ni ó gbẹ́ ẹ kúrò lára ilẹ̀, òkun náà ni yóò sì wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òkun yìí sọ́kàn, nítorí òun ni olùfihàn, òun náà sì ni olè, nínú ìtàn tí a fẹ́ sọ.

Nígbà tí àlejò bá sọ̀kalẹ̀, ohun méjì ni yóò yà á lẹ́nu. Èkíní ni pé igi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun kò jẹ́ kí igi ó ga. Pápá tútù ni ó tẹ́ lọ títí dé etí omi, màlúù àti àgùntàn sì ń jẹ̀ kiri lórí rẹ̀. Èkejì ni ìmọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún, ojúmọ́ a gùn tó nǹkan bí wákàtí 18, alẹ́ kì í sì í ṣú tán. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá, oòrùn kì í pẹ́ ju nǹkan bí wákàtí mẹ́fà lọ lójú ọ̀run. Nítorí pé igi kò sí, òkúta ni àwọn ènìyàn àtijọ́ fi ṣe ohun gbogbo. Òkúta ilẹ̀ náà sì rọrùn láti là sí pẹlẹbẹ bí pákó. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn erékùṣù tí ó tóbi jùlọ, ní etí òkun Skaill, ni òkìtì iyanrìn kan wà tẹ́lẹ̀ tí koríko bò mọ́lẹ̀. Skara Brae ni a ń pè é. Ní ìgbà òtútù ọdún 1850, ìjì ńlá kan jà, ó sì gbá koríko àti iyanrìn kúrò lórí òkìtì náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ènìyàn rí ògiri òkúta. Onílẹ̀ náà, William Watt, bẹ̀rẹ̀ sí wa ibẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1868 a ti rí ilé mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí ni a pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó yá, ìjì mìíràn tún bu ìdí àwọn ilé náà jẹ. Nígbà náà ni ìjọba, tí ó ti gba ibẹ̀ sí ìtọ́jú ní ọdún 1924, mọ odi dí òkun lọ́nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Childe sì wá wa ilẹ̀ náà títí di ọdún 1930.

Ilé mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀ lónìí, tí ọ̀nà tóóró bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan ni ààrò wà láàárín gbùngbùn, ibùsùn tí a fi òkúta há wà ní ọ̀tún àti ní òsì, àti pẹpẹ òkúta alápòótì kan tí ó kọjú sí ẹnu-ọ̀nà, níbi tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń to ohun iyebíye wọn sí. Wọ́n tilẹ̀ la ojú àgbàrá sí abẹ́ àwọn ilé náà. Childe rò pé abúlé náà kò pẹ́ tó bí ó ti pẹ́. Ó rò pé ó kéré ní ọjọ́ orí ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980 ni àwọn onímọ̀ fi ọgbọ́n sáyẹ́ǹsì wọn ọjọ́ orí egungun tí a rí níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀ láti bí ọdún 3180 títí di bí ọdún 2500 kí a tó bí Olúwa wa. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí ń dáná ní Skara Brae, àwọn ọba Íjíbítì kò tí ì kọ́ pírámídì ńlá ti Giza. Kí olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ìtàn kí ó rántí Childe: ènìyàn ńlá ni, ó sì ṣìnà, ìmọ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ó tún un ṣe.

Bí a bá kúrò ní Skara Brae, tí a sì rin ibùsọ̀ díẹ̀ wọ inú ilẹ̀, a ó dé àárín adágún méjì. Níbẹ̀ ni a ti rí àwọn òkúta gíga tí a rì mọ́lẹ̀ ní òbìrípo. Èyí tí ó tóbi ni ti Brodgar: a rò pé 60 ni òkúta rẹ̀ nígbà tí a kọ́ ọ, ṣùgbọ́n 27 ni ó dúró lónìí. Èyí tí ó kéré ni ti Stenness, mẹ́rin péré ni ó kù dúró nínú rẹ̀. Kò jìnnà sí wọn ni òkìtì Maeshowe wà, èyí tí í ṣe ibojì àwọn ará àtijọ́ náà. Wọ́n kọ́ ọ pẹ̀lú ọgbọ́n tí ó fi jẹ́ pé, ní àwọn ọjọ́ tí ojúmọ́ kúrú jùlọ nínú ọdún, oòrùn tí ó ń wọ̀ a máa ràn gba ẹnu ọ̀nà gígùn rẹ̀ wọlé, títí yóò fi kan ògiri ẹ̀yìn. Nínú ọdún 1999 ni a ka Skara Brae, Maeshowe, Brodgar àti Stenness mọ́ àwọn ohun ìní tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n òkúta kan wà ní àdúgbò náà tí àlejò kì yóò rí mọ́. Òkúta Odin ni wọ́n ń pè é. Ihò kan là á já, ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ ara wọn a sì dúró ní ìhà méjèèjì, wọn a na ọwọ́ sí ara wọn láti inú ihò náà, wọn a sì búra. Ẹ̀jẹ́ tí a bá jẹ́ níbẹ̀ kò ṣeé dà. Ẹni tí ó bá dà á, gbogbo ìlú ni yóò kà á sí aláìníláárí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1814, àgbẹ̀ kan tí ó yá ilẹ̀ náà lò, tí kì í ṣe ọmọ Orkney, bínú sí àwọn tí ń gba orí oko rẹ̀ kọjá láti wá wo àwọn òkúta. Ó sì gbé òòlù, ó fọ́ Òkúta Odin. Ó wó òmíràn lára àwọn ti Stenness, ó sì fọ́ òmíràn pẹ̀lú, kí àwọn ènìyàn tó rí i dá dúró. Inú bí àwọn ará àdúgbò tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbìyànjú láti dáná sun ilé rẹ̀. Èmi kò yìn wọ́n fún iná náà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó ni òkúta náà fi wà lábẹ́ òjò àti ìjì! Ohun tí òkun kò lè mú, ọwọ́ ènìyàn kan mú un láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tí ó ni ẹ̀jẹ́ náà kò sì ní ìwé kankan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Kirkwall, olú ìlú wọn, kí a lè rí òdìkejì ọ̀rọ̀ náà.

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn, àwọn ará Nọ́wè wọ ọkọ̀ wá, wọ́n sì gba Orkney. Àwọn ìjòyè tí wọ́n ń pè ní Éálì ni ó ń ṣe àkóso ibẹ̀ fún ọba Nọ́wè. Ní nǹkan bí ọdún 1117, àwọn ìbátan méjì, Magnus àti Hakon, jọ ń jẹ oyè náà, ìjà sì dé sáàárín wọn. Wọ́n fi àdéhùn sí i láti pàdé ní erékùṣù Egilsay, kí olúkúlùkù mú ọkọ̀ méjì péré wá. Magnus mú méjì wá. Hakon mú mẹ́jọ. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àwọn ará Nọ́wè ti wí, Magnus bẹ̀bẹ̀ pé kí a lé òun lọ, tàbí kí a dè òun, tàbí kí a tilẹ̀ fọ́ òun lójú, kí Hakon má baà ru ẹ̀jẹ̀ ìbátan rẹ̀ sí ọrùn. Àwọn ìjòyè kọ̀. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kú. Ẹni tí ń gbé àsíá Hakon kọ̀ láti pa á, nítorí náà ni Hakon ṣe pàṣẹ fún alásè rẹ̀, ẹni tí ó ń sọkún bí ó ti gbé àáké. Magnus tù ú nínú, ó sì ní kí ó ṣá òun ní orí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí bọlá fún Magnus bí ẹni mímọ́. Rognvald, ọmọ arábìnrin rẹ̀, jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá di Éálì, òun yóò kọ́ ilé ìsìn òkúta ní orúkọ rẹ̀. Ó sì jẹ oyè náà. Ní ọdún 1137 ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Kàtídírà Magnus Mímọ́, pẹ̀lú òkúta pupa àti òkúta aláwọ̀ ìyeyè. Ní ọdún 1919, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ń tún ilé náà ṣe, wọ́n rí àpótí egungun kan nínú ọwọ̀n. Agbárí tí ó wà nínú rẹ̀ ti là, bí ẹni pé a fi àáké ṣá a. Wọ́n dá a padà sínú ọwọ̀n náà, ibẹ̀ ni ó sì wà di òní.

Báwo ni ilẹ̀ Nọ́wè ṣe di ti Skọ́tlándì? Kì í ṣe nípa ogun. Ní ọdún 1468, Christian Kìíní, ọba Dẹ́nmárkì àti Nọ́wè, fẹ́ fi Margaret ọmọbìnrin rẹ̀ fún James Kẹta, ọba Skọ́tlándì, ní aya. Lọ́dọ̀ wa, ará ilé ọkọ ni ó ń gbé owó ìdána lọ. Ní ilẹ̀ wọn ní ìgbà náà, baba ìyàwó ni ó ń fi owó tẹ̀lé ọmọ. Owó náà kò sí lọ́wọ́ Christian. Nítorí náà ó fi Orkney dógò lórí 50,000 owó wúrà florin, gẹ́gẹ́ bí baba tí ó fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Kò rí owó náà san títí ó fi kú, àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò sì rà á padà. Ní ọdún 1472, Skọ́tlándì sọ ohun ògo náà di tirẹ̀. Báyìí ni gbogbo ènìyàn inú erékùṣù wọ̀nyí ṣe yí ọba padà láìjẹ́ pé a bi wọ́n léèrè.

Ó yẹ kí ènìyàn rò pé àwọn tí a fi dógò kì yóò ní ohun kan tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1486, ọba James Kẹta fún Kirkwall ní ìwé àṣẹ, ó sọ ọ́ di ìlú tí ń ṣe àkóso ara rẹ̀, ó sì fi kàtídírà náà sí ọwọ́ àwọn ará ìlú. Kì í ṣe ti Bíṣọ́ọ̀bù mọ́, kì í sì í ṣe ti Éálì: ti ará ìlú ni. Nígbà tí àtúnṣe ìsìn dé Skọ́tlándì ní ọdún 1560, ọ̀pọ̀ ilé ìsìn ńláńlá ni ó di àlàpà. Kàtídírà ti St Andrews, tí ó tóbi jù gbogbo wọn lọ, ògiri fífọ́ ni ó kù níbẹ̀ lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Elgin. Ṣùgbọ́n ti Kirkwall kò pàdánù òrùlé rẹ̀. Àwọn tí ó ni ín ń gbé yí i ká, wọ́n sì ń lò ó.

Ewu kan tún dé ní ọdún 1614. Éálì Patrick Stewart ti ni àwọn ará Orkney lára, títí a fi mú un sẹ́wọ̀n. Robert ọmọ rẹ̀ ṣọ̀tẹ̀ sí ọba, àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà sì sá wọ inú ilé ìṣọ́ kàtídírà àti inú ilé odi ìlú. Éálì ti Caithness ni ọba rán láti ṣẹ́gun wọn. Ó ṣẹ́gun wọn, a sì wó ilé odi náà palẹ̀. Ó fẹ́ wó kàtídírà pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti lò ó. Bíṣọ́ọ̀bù James Law ni ó dúró ní ọ̀nà rẹ̀, tí kò gbà fún un. Nítorí náà ni ilé odi tí ó jẹ́ ti olóyè fi di ohun ìgbàgbé, tí ilé tí ó jẹ́ ti ìlú sì wà. Títí di òní, ìgbìmọ̀ ìlú Orkney ni ó ń tọ́jú rẹ̀ ní orúkọ gbogbo ènìyàn, kì í ṣe ìjọ kan ni ó ni ín.

Mo ti dárúkọ ọtí wísíkì ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi kò sì lè fò ó kọjá. Èmi kò kọ èyí láti yin ọtí. Ẹni tí ó bá ti ka Ìwé Òwe mọ ohun tí ó ń ṣe fún ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n òpìtàn tí ó bá fo iṣẹ́ kan nítorí pé kò fẹ́ràn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí purọ́. Ọkà báálì ni a fi ń ṣe é. A ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó lè hù, lẹ́yìn náà a ó fi èéfín gbẹ ẹ́. Nítorí pé igi kò sí, ohun tí wọ́n ń dá iná náà ni píìtì, èyíinì ni ilẹ̀ dúdú ti inú irà, tí koríko àti ewéko jíjẹrà dì pọ̀ di. Wọ́n á gé e bí bíríkì aláìsun, wọ́n á sá a gbẹ, yóò sì jó. Èéfín rẹ̀ ni ó ń fún ọtí náà ní òórùn tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí a ó lọ ọkà náà, a ó fi omi gbígbóná fa adùn rẹ̀ jáde, a ó fi ìwúkàrà sí i, a ó sì sè é lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò bàbà, kí a lè gba oruku rẹ̀ tí ó di omi. Òfin sì wí pé kí a tó lè pè é ní wísíkì ti Skọ́tlándì, ó gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán ọdún mẹ́ta nínú àgbá igi óákù ní Skọ́tlándì. Láti inú àgbá náà, nǹkan bí ìpín méjì nínú ọgọ́rùn-ún a máa gbẹ lọ sí afẹ́fẹ́ ní ọdọọdún. Àwọn apọntí ń pe èyí ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Mo rò pé àwọn áńgẹ́lì yóò fẹ́ràn omi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ìpọntí tí ó gbajúmọ̀ jùlọ níbẹ̀ ni Highland Park, ní ẹ̀bá Kirkwall, tí ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ọdún 1798. Ìtàn tí a ń sọ nípa Magnus Eunson, ẹni tí ó kọ́kọ́ ń pọntí níbẹ̀, kò ní ṣàì pa ọmọ ilé-ìwé lẹ́rìn-ín. Olùtọ́jú ilé ìsìn ni lójú ọ̀sán. Ní òru, ó ń pọntí láìsan owó-orí. Wọ́n ní abẹ́ àga ìwàásù ni ó ń kó àgbá ọtí rẹ̀ pamọ́ sí. Nígbà tí ó gbọ́ pé àwọn agbowó-orí ń bọ̀, ó kó wọn lọ sí ilé, ó tò wọ́n sílẹ̀, ó gbé ọmọrí pósí lé wọn, ó sì fi aṣọ funfun bò ó. Nígbà tí àwọn agbowó-orí wọlé, wọ́n bá òun àti ará ilé rẹ̀ lórí eékún, pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Ẹnì kan sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìgbóná ni ó pa olóògbé. Ta ni yóò dúró? Bí wọ́n ti gbọ́ orúkọ àrùn náà, wọ́n fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú. Ilé ìsìn jẹ́ ti gbogbo ìjọ. Eunson sọ ọ́ di àká ara rẹ̀. Owó-orí jẹ́ ti àpò gbogbo ìlú. Ẹni tí ó bá sá fún un, ẹrù rẹ̀ ni ó gbé ka orí aládùúgbò. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn fẹ́ràn Eunson, nítorí àpò ọba jìnnà sí wọn, owó-orí náà sì wúwo. Ní ọdún 1823 ni a ṣe òfin tuntun tí ó dín owó-orí kù, tí ó sì jẹ́ kí apọntí lè gba ìwé àṣẹ ní £10 lọ́dún. Lẹ́yìn èyí ni pípọntí níkọ̀kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dínkù. Ìbáwí nìkan kọ́ ni ó ń mú kí ènìyàn bọ̀wọ̀ fún ohun gbogbo-gbò. Ó gbọ́dọ̀ lè rí i pé ó tọ́.

Ní gúúsù Kirkwall ni omi ńlá Scapa Flow wà, tí àwọn erékùṣù yí ká bí agbo. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sinmi sí nínú ogun ńlá méjèèjì. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1919, àwọn atukọ̀ Jámánì mọ̀ọ́mọ̀ ri 52 nínú àwọn ọkọ̀ ogun wọn 74 tí a há mọ́ ibẹ̀. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1939, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan yọ́ wọlé, ó ri ọkọ̀ Royal Oak, ènìyàn tí ó ju 800 lọ sì kú. Nítorí èyí ni a ṣe pinnu láti fi òkúta àti kọnkéré dí àwọn ẹnu ọ̀nà ìhà ìlà-oòrùn. Lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni àwọn ará Ítálì tí a mú ní ìgbèkùn ní àríwá Áfríkà.

Ní erékùṣù kékeré Lamb Holm ni a kó díẹ̀ nínú wọn sí. Ní ọdún 1943, wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ibi tí wọn yóò ti máa sin Ọlọ́run. A fún wọn ní ahéré páànù méjì. Wọ́n so méjèèjì pọ̀, wọ́n fi kọnkéré ṣe ojú ilé, wọ́n fi agolo ẹran ṣe fìtílà. Domenico Chiocchetti, ọ̀kan nínú wọn, ya àwòrán Màríà àti Ọmọ náà sí òkè pẹpẹ, ó sì kun ògiri páànù pẹrẹsẹ náà tí ẹni tí ó bá wọlé yóò fi rò pé bíríkì àti òkúta gbígbẹ́ ni. Nígbà tí a kó àwọn ìgbèkùn lọ ní ọdún 1944, iṣẹ́ kò tí ì parí. Chiocchetti dúró lẹ́yìn wọn láti parí rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, a wó gbogbo àgọ́ náà, ṣùgbọ́n a kò wó ilé ìsìn náà. Ní ọdún 1958, àwọn ará Orkney kó ara wọn jọ di ìgbìmọ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 1960, wọ́n mú Chiocchetti padà wá, ó sì tún àwòrán rẹ̀ ṣe. Àwọn ọ̀tá ni ó kọ́ ọ. Ìjọ mìíràn ni ó wà fún. Kò sì sí ìwé tí ó fi lé ará Orkney lọ́wọ́. Síbẹ̀ wọ́n kà á sí tiwọn, ìdí nìyí tí ó fi wà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sínú Kàtídírà Magnus Mímọ́, kí èmi lè san gbèsè tí mo jẹ. Nínú ilé náà ni ìrántí William Balfour Baikie wà. Ní Kirkwall ni a bí i ní ọdún 1825. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh, ó sì di dókítà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi. Ní ọdún 1854, ó di olórí àwọn tí ọkọ̀ Pleiad gbé gòkè Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé, Àjàyí Crowther sì wà nínú ọkọ̀ náà. Crowther mọ ohun tí odò náà lè ṣe. Ó wà nínú ìrìn àjò ọdún 1841, nígbà tí ibà pa nǹkan bí 40 nínú àwọn Òyìnbó tí ó lọ. Ní tòtẹ̀ yìí, Baikie mú kí gbogbo wọn máa lo kuníìnì kí ibà tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá dé. Wọ́n lo oṣù mẹ́rin tí ó dín díẹ̀ lórí odò náà, ẹnì kan ṣoṣo kò sì kú nínú wọn.

Ní ọdún 1857, wọ́n tún jọ lọ nínú ọkọ̀ Dayspring. Nínú ìrìn àjò yìí ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ ní Onitsha, lọ́wọ́ J. C. Taylor. Òkúta fọ́ ọkọ̀ náà ní ẹ̀bá Jẹ́bà, ṣùgbọ́n Baikie kò sá. Ó dá ibùgbé sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, níbi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ó ń wo aláìsàn níbẹ̀, ó ń dájọ́, ó sì ń kó ọ̀rọ̀ àwọn èdè jọ. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ọ̀nà tí ó là fún ọjà ni àwọn tí ó fẹ́ jọba lé wa lórí gbà wọlé nígbà tí ó yá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe nípa ibà jẹ́ ire fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1864 ni ó ń lọ sí ilé, ó sì kú ní Sàró lójú ọ̀nà. Ní ọdún kan náà, ní Canterbury, ni a fi Àjàyí Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Báyìí ni orúkọ Odò Ọya wa ṣe wọ inú ilé òkúta tí Rognvald bẹ̀rẹ̀ ní 1137.

Ìrìn àjò wa parí. A ti rí Òkúta Odin tí a fọ́, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni òfin mọ̀. A ti rí Skara Brae, tí òkun fi hàn tí ó sì ń wá ọ̀nà láti gbà padà, bí a kò bá tún odi rẹ̀ ṣe. A ti rí kàtídírà tí ìwé àṣẹ fi lé ìlú lọ́wọ́, àti ilé ìsìn páànù tí ìfẹ́ nìkan fi lé wọn lọ́wọ́. Ohun àjọní kì í parun nítorí pé ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ó ń parun nígbà tí gbogbo ènìyàn bá gbàgbé pé àwọn náà wà lára gbogbo ènìyàn. Kí olùkọ́ tí ó bá ka ìwé yìí fún àwọn ọmọ kí ó bi wọ́n léèrè, kí ó tó lu aago: kí ni ó wà ní ìlú yìí tí ó jẹ́ ti gbogbo wa, ta ni ó sì gbá ìdí rẹ̀ kẹ́yìn?